Ọ̀run Ń Ya Bọ̀, Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ẹnìkan

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kan; ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run tó bo gbogbo wa ni, olówó àti tálákà, adúláwọ̀ àti aláwọ̀ funfun, ẹni tó wà láàfin àti ẹni tó wà lábà. Àwọn baba wa ní ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Òwe ni wọ́n ń pa nígbà náà, kò sì sí ẹni tó lè rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn onímọ̀ yóò dìde, tí wọn yóò na ìka sókè, tí wọn yóò sì wí ní tòótọ́ pé ibì kan ń ya lójú ọ̀run, àti pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ń ya á.

Kò sí àgbẹ̀ tí yóò sọ pé òun kò mọ oore oòrùn. Oòrùn, ọba ọ̀sán, arànkárí-ayé, a-ràn-fólóko-ràn-fọ́lọ́jà, òun ní ń hu àgbàdo, òun ní ń pọ́n ọsàn, òun ní ń gbẹ kòkó lórí ẹní, tí ń gbẹ èlùbọ́ lórí àpáta. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yìí kan náà ni ìtànṣán kan wà tí ojú wa kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ultraviolet, èyí tó jẹ́ pé bí gbogbo rẹ̀ bá ń dé ilẹ̀ bó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, kò ní sí ewéko tí yóò dúró lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹran tàbí ènìyàn tí yóò lè jáde síta kí awọ ara rẹ̀ má bó.

Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé, Ọba tó mọ ohun tí ẹ̀dá yóò nílò kó tó dá ẹ̀dá, kò fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ta agboòrùn kan sókè fún gbogbo ayé, agboòrùn náà ni a sì ń pè ní ìpele ósóònù. Ibi tó wà jìnnà sí wa, láti nǹkan bíi kìlómítà 15 títí dé nǹkan bíi 35 sókè, níbi tó ga ju òkè tó ga jù lọ láyé lọ. Ohun tí a fi ṣe é kò sì ṣàjèjì, nítorí ọ́ksíjìn tí à ń mí sínú náà ni. Átọ̀mù méjì ló so pọ̀ nínú ọ́ksíjìn tí à ń mí; nígbà tí ìtànṣán oòrùn bá ya àwọn méjì yìí nípá lókè lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a lọ so mọ́ ọ́ksíjìn mìíràn, mẹ́ta a sì di ọ̀kan, èyí ni ósóònù. Bí ìtànṣán olóró náà bá tún dé, ósóònù a gbà á mọ́ra, a fọ́ nítorí rẹ̀, a sì tún so pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, láti ọdún dé ọdún, kí èyí tó burú jù nínú ìtànṣán náà má baà kàn wá lára. Sydney Chapman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣe àlàyé fífọ́ àti síso yìí fún ayé ní ọdún 1930, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Charles Fabry àti Henri Buisson, sì ti fi hàn ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1913, pé ósóònù wà lókè níbẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí títóbi ojú ọ̀run tàn yín jẹ o. Bí ó bá ṣeé ṣe láti kó gbogbo ósóònù tó wà lókè orí wa wálẹ̀, kí a tẹ́ ẹ sí etí òkun níbi tí afẹ́fẹ́ ti wúwo, sísanra rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Mìlímítà 3 péré ló dúró láàárín gbogbo ohun ẹlẹ́mìí àti ikú! G. M. B. Dobson, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Oxford, ló ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń dúró lórí ilẹ̀ wọn ósóònù tó wà lókè, ní àwọn ọdún 1920, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi pe òṣùwọ̀n náà títí dòní: mìlímítà 3 yẹn ni à ń pè ní 300 Dobson. Lọ́dọ̀ tiwa tí a sún mọ́ ìlà agbede méjì ayé, agboòrùn náà ti fẹ́lẹ́ ju ti àwọn ará àríwá lọ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, oòrùn sì ń dúró lé wa lórí gangan lọ́sàn-án. Ohun tó jẹ́ kí a lè gbé e ni àwọ̀ dúdú tí a fi wọ̀ wá láti ilé ọ̀run wá.

Báwo wá ni ibi ṣe dé ibi tí ọwọ́ ènìyàn kò tó? Nígbà tí fíríìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé ní Amẹ́ríkà, májèlé ni gáàsì tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀, bíi ammonia, sulphur dioxide àti methyl chloride. Bí fíríìjì bá jò lóru, òkú ni a lè bá nílé lówùúrọ̀. Ní ọdún 1928, Thomas Midgley, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ General Motors, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ po carbon, fluorine àti klórínì pọ̀, wọ́n sì rí ohun tí a ń pè ní CFC, tí ọjà mọ̀ sí Freon. Kì í gbiná, kì í pa ni, kì í jẹ irin, kì í sì í bàjẹ́. Ní ọdún 1930, Midgley dúró níwájú àpéjọ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà, ó fa gáàsì náà sínú, ó sì fi èémí rẹ̀ fẹ́ ẹ jáde pa àbẹ́là, kí ojú gbogbo ènìyàn lè rí i pé kò lè pa ni, kò sì lè jó. Inú ayé dùn, ó sì tọ́ kó dùn, nítorí fíríìjì kò tún ń gbẹ̀mí ènìyàn mọ́ bíi ti àtijọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi, ṣùgbọ́n ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Láti ìgbà náà ni CFC ti tàn káàkiri ayé. Ó wọ inú fíríìjì, ó wọ inú ẹ̀rọ amúlétutù ilé àti ti ọkọ̀. Nígbà náà, òun ló ń ti lọ́fínńdà àti oògùn ẹ̀fọn jáde nínú agolo tí à ń tẹ̀ lórí. Òun ni wọ́n fi ń mú kí fóòmù bẹ́ẹ̀dì àti ti àga wú. Ẹbí rẹ̀ tó ń jẹ́ halon wọ inú ẹ̀rọ apaná, gáàsì mìíràn tó ń ba ósóònù jẹ́ bíi tirẹ̀, methyl bromide, sì di ohun tí wọ́n ń fín sí ilé ìpamọ́ kòkó àti ọkà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí kò fi sí orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ì báà ṣe ẹni tó ń ṣe é tà, ì báà ṣe ẹni tó ń rà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn ènìyàn méjì ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine, F. Sherwood Rowland àti Mario Molina, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti ilẹ̀ Mẹ́síkò, jókòó ti ìbéèrè kan tí kò sí ẹni tó ṣe wàhálà láti bi ara rẹ̀: gbogbo gáàsì yìí tó ń jò kúrò nínú ẹ̀rọ lójoojúmọ́, níbo ló ń lọ? Ọ̀pọ̀ ohun tí a bá sọ sínú afẹ́fẹ́ ni òjò ń fọ̀ wálẹ̀, tàbí tó ń bá nǹkan mìíràn pò tó sì ń sọ agbára nù. Ṣùgbọ́n òjò kò lè fọ CFC, nítorí kì í yòrò nínú omi. Kì í sì í bá ohunkóhun pò, ìwà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ yìn ín sì ni ó wá di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn kiri, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, irú òmíràn nínú rẹ̀ a máa lo 50 ọdún, òmíràn a lo 100 ọdún, títí yóò fi kọjá agboòrùn ayé, tí ìtànṣán olóró yóò fi bá a lọ́hùn-ún tí yóò sì fọ́ ọ. Níbẹ̀ ni klórínì ti ń jáde. Klórínì a já átọ̀mù kan gbà lọ́wọ́ ósóònù, ósóònù a bàjẹ́. Klórínì a sọ ohun tó já gbà nù, a sì kọjú sí ósóònù mìíràn. Ẹyọ klórínì kan ṣoṣo lè ba ósóònù tó 100,000 jẹ́ kó tó rí ohun tí yóò dá a dúró.

Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù kẹfà ọdún 1974, ariwo sì ta. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì náà dìde sí wọn, wọ́n ní ìṣirò orí ìwé lásán ni, ta ló ti rí ihò lójú ọ̀run rí? Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ mìíràn fòfin de CFC nínú agolo títẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n ti fíríìjì àti ti fóòmù ń pọ̀ sí i. Ó di ọdún 1995 kí a tó fi ẹ̀bùn Nobel dá Rowland àti Molina lọ́lá, àwọn àti Paul Crutzen ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ẹni tó ti fi hàn ní ọdún 1970 pé àwọn gáàsì nitrogen náà lè jẹ ósóònù run.

Ẹ̀rí dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí. Ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá, ní Antarctica, níbi tí ilẹ̀ kì í là fún oṣù bíi mélòó kan nínú ọdún, ibùdó kan wà tó ń jẹ́ Halley Bay, tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ sórí yìnyín tó léfòó lójú òkun. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ Dobson lọ síbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ní òkìkí kankan: ẹni tó kàn yóò wọ aṣọ òtútù, yóò dojú ẹ̀rọ kọ oòrùn tó rọra yọ sí ìpẹ̀kun ọ̀run, yóò máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ yóò fi dúró sójú kan, yóò kọ nọ́ńbà tó rí sínú ìwé, yóò sì padà wá lọ́jọ́ kejì láti tún un ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ yóò wá, wọn yóò lo sáà wọn, wọn yóò lọ, àwọn mìíràn yóò gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, ìwé nọ́ńbà kò sì dáwọ́ dúró. Ìgbà tí Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin kó gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí jọ, wọ́n rí i pé ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, ósóònù tó ti máa ń wà ní nǹkan bíi 300 Dobson tẹ́lẹ̀ ń já sílẹ̀ lọ́dọọdún, tó fi dé nǹkan bíi 200 ní ọdún 1984. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tó ń yí ayé ká lójú òfuurufú ti rí ohun kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1985 ni àwọn mẹ́ta yìí tẹ ìwé wọn jáde, ẹnu sì kó wọlé. Ìbéèrè àwọn tó ń béèrè ihò ti rí ìdáhùn.

Ìdí tó fi jẹ́ Antarctica, níbi tí kò sí fíríìjì ọjà kankan, yà ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé CFC káàkiri ayé láìka ibi tí a ti tú u sílẹ̀ sí. Ní ìgbà òtútù Antarctica, afẹ́fẹ́ òkè ibẹ̀ ń yí po lójú kan, òtútù rẹ̀ sì ń rékọjá 80 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí ìkùukùu oníyìnyín yóò fi dì sí ibi tí kò yẹ kí ìkùukùu wà. Lórí yìnyín wọ̀nyí ni klórínì tí ohun mìíràn ti dè mọ́lẹ̀ ti ń rí ìtúsílẹ̀. Bí oòrùn bá sì ti yọ padà ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, ìparun a bẹ̀rẹ̀. Obìnrin onímọ̀ kan, Susan Solomon, ló kó àwọn ènìyàn lọ sí ibùdó McMurdo ní ọdún 1986 láti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lójúkojú, ohun tí wọ́n sì rí fi hàn gbangba pé klórínì ni ọ̀daràn. Ní ọdún 2006, fífẹ̀ ihò náà ju mílíọ̀nù 26 kìlómítà níbùú-lóòró lọ, èyí tó sún mọ́ fífẹ̀ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Kí ni agboòrùn tó ya ń ṣe fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀? Ìtànṣán olóró náà a máa wọ inú awọ ara, a máa da ètò tí ara fi ń tún ara rẹ̀ dá rú, a sì máa fa àrùn jẹjẹrẹ awọ ara. A máa mú kí ẹyinjú di funfun kó sì ṣókùnkùn, tí ẹni tó ń ríran yóò fi di ẹni tí à ń mú lọ́wọ́. A máa dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Ó ń ba ewé àwọn ohun ọ̀gbìn kan jẹ́, kò sì dá omi sí, nítorí àwọn ewéko tíntìntín tí wọ́n ń léfòó lójú òkun, tí ẹja kékeré ń jẹ, tí ẹja ńlá fi ń rí ẹja kékeré jẹ, kò lè sá fún un. Ní Punta Arenas, ìlú kan ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Chile tó sún mọ́ Antarctica, ìgbà mìíràn wà tí etí ihò náà ń kọjá lórí ìlú, tí àwọn aláṣẹ a sì máa kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ pẹ́ lóòrùn.

Mo fẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níhìn-ín, nítorí wọ́n ti dàrú mọ́ra lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ooru tó ń mú wa ju ti àtijọ́ lọ kì í ṣe nítorí pé ihò wà lójú ọ̀run. Èéfín epo tí à ń jó, igbó tí à ń pa run àti àwọn gáàsì mìíràn tó ń sé ooru mọ́lẹ̀ ló ń fà á. Ṣùgbọ́n CFC fúnra rẹ̀ wà lára àwọn gáàsì tó ń sé ooru yìí, nítorí náà ẹni tó bá dá a dúró ti fi òkò kan pa ẹyẹ méjì.

Ihò náà kò sí lókè orí ilẹ̀ Yorùbá, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan wà láàárín wa tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kàn ní ọ̀sán gangan, lójoojúmọ́ ayé wọn. Àwọn àfín ni mò ń sọ, àwọn tí àwọn baba wa ń pè ní ẹni òrìṣà, tí wọ́n kà sí ọmọ Ọbàtálá, tí wọ́n sì kọ́ wa pé a kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọ̀ dúdú tó dáàbò bò wá kò sí lára wọn, oòrùn wa kò sì mọ ẹni tí yóò dá sí. Ẹni tó bá wo apá àfín kan tó ti ń ṣiṣẹ́ oko láti kékeré yóò rí i: àmì pupa-pupa tó tàn ká ẹ̀yìn ọrùn, ètè tó sán, egbò lórí etí tí kì í jinná, tí ẹbí ń rò pé yóò lọ, tó sì jẹ́ pé jẹjẹrẹ ló ti wọlé. Bí agboòrùn ayé bá fẹ́lẹ́ sí i, àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè ohun tí wọn kò jẹ. Ẹ̀yin òbí tó bí àfín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra fìlà elétí fífẹ̀ fún wọn, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn fún wọn, ẹ wá awò dúdú sí ojú wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe rán wọn lọ gé koríko lọ́sàn-án. Egbò tó bá sì kọ̀ tí kò jinná, ilé ìwòsàn ni ẹ gbé e lọ, kí ó tó di ohun tí apá kò ká mọ́.

Mo ti sọ bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ba ohun tí Ẹlẹ́dàá ṣe jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọwọ́ ènìyàn náà ṣe ń tún un ṣe, nítorí èyí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá lónìí. Àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Vienna ní oṣù kẹta ọdún 1985, wọ́n sì gbà pé àwọn yóò jọ wá nǹkan ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, wọ́n pàdé ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, orílẹ̀-èdè 24 sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń darí wọn, tó ń bẹ̀ wọ́n, tó sì ń fi òye là wọ́n níjà, ni Mostafa Tolba, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì, tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ àgbáyé tó ń bójú tó àyíká nígbà náà. Ọmọ Áfíríkà ló wà nídìí rẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé. Àdéhùn náà kò fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo ènìyàn, nítorí ìka kò dọ́gba: àwọn ọlọ́rọ̀ tó ba nǹkan jẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, àwọn tálákà yóò ní ọdún 10 sí i, àwọn ọlọ́rọ̀ yóò sì dá owó jọ láti fi ran àwọn tálákà lọ́wọ́ kí wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀rọ wọn. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní ọdún 1988. Lónìí kò sí ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kankan tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wo ayé tó kún fún ogun àti ìjà ààlà, tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi jọ gbà sí ohun kan ṣoṣo! Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Kí ló ti inú rẹ̀ jáde? Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ti dáwọ́ ṣíṣe CFC dúró ní 1996, ti àwọn yòókù sì dópin ní 2010. Klórínì tó wà lókè ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn ṣe ìṣirò ní ọdún 2022 pé bí a kò bá yẹ àdéhùn, agboòrùn náà yóò padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí ọdún 2040 fún ọ̀pọ̀ ibi láyé, ní nǹkan bíi 2045 lókè Arctic, àti ní nǹkan bíi 2066 lókè Antarctica. Ẹ gbọ́ bó ṣe pẹ́ tó: ohun tí a tú sílẹ̀ ní ìgbà tí àwọn òbí wa ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò rí òpin rẹ̀.

Bí ẹnì kan kò bá sì ṣọ́nà, ìbàjẹ́ a tún wọlé. Ní ọdún 2018, àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ rí i pé irú CFC kan tó yẹ kó máa yára dín kù kò dín kù bó ṣe yẹ, wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, ipasẹ̀ náà sì já sí ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ China, níbi tí àwọn kan ti ń fi í wú fóòmù ní ìkọ̀kọ̀. A fọ̀rọ̀ náà lọ ìjọba ibẹ̀, wọ́n gbé ìgbésẹ̀, gáàsì tó ń tú jáde náà sì wálẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn tó di ẹ̀rọ mú tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà lójoojúmọ́ ló jẹ́ kí a gbọ́ hẹ̀rẹ̀huru yẹn kó tó pẹ́ jù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí àdúgbò tiwa. Wọ́n gbé fíríìjì tòkunbọ̀ kan dé ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ fíríìjì. Gáàsì rẹ̀ kò pé mọ́, kò mú omi tutù. Ọmọ iṣẹ́ dì í mú, ó fi páyà gé ọ̀pá kọ́pà tó wà lẹ́yìn kọ́ńpírẹ́sọ̀, gáàsì tó ṣẹ́kù tú jáde pẹ̀lú ariwo, kò sí òórùn, kò sí èéfín, kò sí ẹni tó wúkọ́. Ìṣẹ́jú kan, ó ti tán. Wọ́n wá ibi tó ń jò, wọn kò rí i, wọ́n rọ gáàsì mìíràn sí i, oníbàárà sanwó, ó gbé e lọ, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ti gbé e padà, wọ́n sì tún rọ ọ́. Bí fíríìjì náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń lo irú CFC kan tí à ń pè ní R12, tàbí ẹ̀rọ amúlétutù tó ń lo ẹbí rẹ̀ tó ń jẹ́ R22, ohun tó tú jáde lẹ́ẹ̀mejì yẹn kò parí lójú ṣọ́ọ̀bù. Yóò gun òkè, yóò lo ọdún tó pọ̀ lójú ọ̀run, klórínì inú rẹ̀ yóò sì ṣiṣẹ́ tí mo ṣàlàyé. Ọwọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè fi sí ìwé ní Montreal, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ yìí ló lè mú un ṣẹ tàbí kó sọ ọ́ di asán.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ fíríìjì àti ti ẹ̀rọ amúlétutù, iṣẹ́ yín níyì ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ̀rọ wà tí a fi ń fa gáàsì àtijọ́ padà sínú sílíńdà dípò kí a tú u sáfẹ́fẹ́. Bí owó ẹnìkan kò bá ká a, ẹgbẹ́ yín lè dá owó rà á kí ẹ máa pín in lò. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò kí ẹ tó rọ gáàsì, nítorí ẹni tó ń bu omi sínú agbè tó lu ń tan ara rẹ̀ ni. Àwọn gáàsì tuntun bíi R600a àti R290 kò ṣe ósóònù ní ibi, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbiná. Ẹ má ṣe rọ wọ́n sínú ẹ̀rọ tí a kò ṣe fún wọn, ẹ má sì ṣe fi iná jó ọ̀pá níbi tí wọ́n wà. R134a tí ọ̀pọ̀ yín ń lò kò ba ósóònù jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sé ooru mọ́lẹ̀ gan-an, ìdí sì nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi tún pàdé ní Kigali ní ilẹ̀ Rwanda ní ọdún 2016 láti máa dín irú rẹ̀ kù.

Ẹ̀yin tó ń rajà, òfin Nàìjíríà ti ka fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù tòkunbọ̀ mọ́ ọjà tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, ìdí rẹ̀ sì hàn kedere nínú ohun tí mo ti sọ. Mo mọ̀ pé owó kò pọ̀ lọ́wọ́, mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ dínwó lójú ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò iná tó ń jẹ, ẹ ṣírò gáàsì tí ẹ ń rọ lẹ́ẹ̀mejì-lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ẹ ó rí i pé ọjà tí a pè ní ọ̀pọ̀ ti di ọ̀wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, orúkọ gáàsì inú rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó ti kú pátápátá, ẹ má ṣe tà á fún ẹni tí yóò fi àáké fọ́ ọ nítorí irin, kí ẹ tó jẹ́ kí oníṣẹ́ fa gáàsì inú rẹ̀ jáde.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sí etí àwọn ọmọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ìpele ósóònù. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá ní ilé ẹ̀kọ́ yín láì sí ẹni tó mẹ́nu bà á.

Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pé ohun tí àwọn alágbára bá ti bà jẹ́, àwa mẹ̀kúnnù kò lè tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ ósóònù já irọ́ náà. Àwọn onímọ̀ sọ òótọ́ nígbà tí wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ kò dáwọ́ dúró, àwọn ìjọba fọwọ́ sówọ́ pọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ pààrọ̀ ọjà wọn, ohun tó ń bàjẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í san. Ìpín tó kù lọ́wọ́ wa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa ṣe é. Bí ẹ bá gbọ́, ẹ sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Bí fíríìjì bá sì ń jò nílé yín, ẹ pe ẹni tó mọṣẹ́ lọ́la, kí ẹ sì sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ tú gáàsì rẹ̀ sáfẹ́fẹ́.